Kí Oníṣègùn Tó Dé: Ojúṣe Wa Nígbà tí Ọkàn Ẹnìkan Bá Dáwọ́ Iṣẹ́ Dúró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà kò sọ pé kí àgbà ọ̀hún jẹ́ ìyá ọmọ tàbí ìbátan rẹ̀. Wíwà tí ó wà nítòsí ti tó láti sọ ọ̀ràn náà di tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí irú ojúṣe bẹ́ẹ̀: bí a ti lè fi ọwọ́ wa méjèèjì tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní CPR.

Ìdí tí ìṣẹ́jú díẹ̀ fi ṣe pàtàkì

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Bí ó bá dáwọ́ dúró lójijì, ẹni náà yóò ṣubú, kò ní dáhùn, kò sì ní mí bí ó ti yẹ. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí 6 ni ọpọlọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí a bá tẹ àyà náà, ọwọ́ wa ni yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ní ipò ọkàn, títí àwọn tí ó ní ẹ̀rọ àti oògùn yóò fi dé.

Ẹ̀yin tí ń gbé ní Choba mọ̀ pé Ilé-ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Port Harcourt kò jìnnà sí yín. Ní Alakahia ni ó wà, lójú ọ̀nà East-West kan náà tí ó gba Choba kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà náà pẹ̀lú. Kí a tó rí ọkọ̀, kí a tó gbé aláìsàn sínú rẹ̀, kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn, ìṣẹ́jú 4 yóò ti kọjá. Ẹni tí ó dúró ti aláìsàn nìkan ni ó lè lo ìṣẹ́jú wọ̀nyí fún un.

Ohun tí ojú ayé ti rí

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 25 ni, kò sì dìde mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2012, Fabrice Muamba, ọmọ ọdún 23, ṣubú bákan náà ní London. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí wọ́n fi gbé e dé ilé-ìwòsàn. Ìṣẹ́jú 78 ni ọkàn rẹ̀ kò fi dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ó yè.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn dókítà wà nítòsí Muamba. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á wo orílẹ̀-èdè Denmark, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ yìí sínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, tí wọ́n sì sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ní ọdún 2001, nínú ènìyàn 10 tí ọkàn wọn dáwọ́ dúró níta ilé-ìwòsàn, nǹkan bí 2 ni ará ìlú ràn lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2010, wọ́n ti lé ní 4. Láàárín àkókò kan náà, àwọn tí ó yè di ọgbọ̀n ọjọ́ kúrò ní iye tí kò tó 4 nínú 100, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11. Ìtọ́jú ilé-ìwòsàn náà dára sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ará ìlú wà nínú rẹ̀.

Láti ọdún 1960 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ọwọ́ méjì péré ni a nílò. Ọ̀kan nínú wọn, William Kouwenhoven, onímọ̀ iná mànàmáná ni, kì í ṣe dókítà.

Bí a ti ń ṣe é

1. Ẹ rí i pé ibẹ̀ kò léwu: ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí ń bọ̀ àti wáyà iná.
2. Ẹ gbá èjìká rẹ̀, kí ẹ sì pè é sókè. Bí kò bá dáhùn, tí kò mí, tàbí tí ó ń mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á sí pé ọkàn rẹ̀ ti dúró.
3. Ẹ nawọ́ sí ẹnìkan pàtó pé kí ó pe 112, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀.
4. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja lórí ilẹ̀ líle, kí ojú rẹ̀ kọ sókè. Ẹ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ẹ sì na apá yín gbọọrọ.
5. Ẹ tẹ àyà náà wọlé ní íǹṣì 2, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí ó padà sókè tán kí ẹ tó tún un tẹ̀.
6. Ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, títí yóò fi mí tàbí títí àwọn oníṣègùn yóò fi gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹni tí ó ti kọ́ ọ lè fi èémí 2 sí i lẹ́nu lẹ́yìn ìtẹ̀ 30. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ọmọdé àti fún ẹni tí omi gbé. Dída omi síni lójú, títi ṣíbí bọ ẹnu àti fífúnni ní ohun mímu kò lè ta ọkàn jí. Àkókò ni wọ́n ń jẹ.

Àwọn ohun tí ń bà wá lẹ́rù

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé, "Bí ó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?" Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ti ń kú lọ ná, ìrànlọ́wọ́ yín kò lè mú ọ̀ràn rẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Egungun ìhà lè kán, ṣùgbọ́n egungun a máa jinná. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jẹ́ kí á tẹ àyà ná. Ìwádìí ohun tí ó fà á lè dúró. Ní ti ilé-ìwòsàn, òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ojúṣe ẹgbẹ́

Abala 24 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan ṣe ohun tí yóò mú ire bá àdúgbò tí ó ń gbé. Àdúgbò tí ó ń gbé ni òfin wí, kì í ṣe ìlú tí a ti bí i nìkan. Ẹni tí yóò ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jà Choba lè jẹ́ Ikwerre tàbí Ìgbò. Ẹni tí yóò kúnlẹ̀ ti ẹ̀yin náà lọ́jọ́ mìíràn lè má gbọ́ Yorùbá.

Kíkà nìkan kò tó. Ọwọ́ ni ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà a máa kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ pè wọ́n wá sí ìpàdé yín. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, tí a yà sọ́tọ̀ lágbàáyé fún ẹ̀kọ́ yìí, yẹ fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn ọ̀dọ́ ní agbára láti tẹ àyà, ohùn àgbà sì lè tú èrò ká, kí ó sì rán ènìyàn níṣẹ́.

Fún ìjíròrò nínú ìpàdé

1. Bí ẹnìkan bá ṣubú nínú ìpàdé yìí nísinsìnyí, ta ni yóò tẹ àyà rẹ̀? Ta ni yóò pe 112? Ọkọ̀ ta ni yóò gbé e?
2. Ènìyàn mélòó nínú ẹgbẹ́ yín ni ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Mélòó ni ẹ fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ọdún yìí tó parí?
3. Báwo ni ẹ ṣe lè pe àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà?