Bí A Ṣe Ń Sọ Ìtàn Akàndá Ẹ̀dá ní Kíláàsì

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ìtàn Yínká Ayéfẹ́lẹ́, olórin tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, fún àwọn ọmọ praimárì 5, ohùn arò ni mo fi sọ ọ́. Bí mo ṣe parí báyìí, ọmọbìnrin kan kó owó ìpápánu rẹ̀ lé tábìlì mi, ó ní kí n bá òun fún bàbá yẹn. Bàbá tó ní ilé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn! Ọmọ náà ò jẹ̀bi, èmi ni mi ò mọ ìtàn sọ. Ẹ jẹ́ ká jọ tún un ṣe. Píríọ́dù méjì la máa lò, ogójì ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti téèpù tí kápẹ́ńtà fi ń wọn pákó.

1. A ó mú ìtàn ẹnì kan ṣoṣo. Bí a bá kó èèyàn mẹ́fà pọ̀, orúkọ lásán ni ọmọdé máa gbọ́. Ayéfẹ́lẹ́ bá wa mu ní Òrè, torí kò sí ọmọ tí kò tíì gbọ́ orin rẹ̀ níbi ìnáwó rí. A ó kọ ọ́ sójú pátákó: 1968, wọ́n bí i, ọmọ Ìpotì-Èkìtì; oṣù Kejìlá 1997, ìjàǹbá ọkọ̀; 1998, ó gbé àwo orin "Bitter Experience" jáde.

2. Kó tó di ọjọ́ tí a ó sọ ìtàn náà, ká wo ojú àwọn ọmọ wa. Ìlú tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin gba àárín rẹ̀ kọjá ni tiwa. Nínú kíláàsì, a lè rí ọmọ tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fara pa lójú ọ̀nà yẹn. Ká pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Bó bá mirí, ẹ jẹ́ ká fi ti ìjàǹbá sílẹ̀, ká sọ ti Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀, tó gba góòlù irin gbígbé nínú ìdíje Paralympics ti Tokyo, tó tún gbà á ní Paris lọ́dún 2024. Kílò 167 ló gbé ní Paris. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50: ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣírò rẹ̀ fúnra wọn, ẹ óò gbọ́ ariwo.

3. Ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu wa ló kàn. "Arọ", "abirùn", ká fi wọ́n sílẹ̀. "Akàndá ẹ̀dá" ni rédíò ń lò báyìí. Àwọn àgbà máa ń pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, torí pé Ọbàtálá ló ni wọ́n, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Ó dára kí ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ohun tí ará ilé ń pè ní "kẹ̀kẹ́ arọ", àga oníkẹ̀kẹ́ la ó máa pè é. Bí ọmọ bá ṣàṣìsọ, a kì í nà án. Ẹnu ìyá àgbà rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

4. Níbí ni iṣẹ́ wà. A kì í ti orí ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀. Orí ohùn rẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe n'Íbàdàn kí ọkọ̀ tó gbókìtì. Ká wá sọ ti ìjàǹbá náà àti oṣù mẹ́sàn-án tó lò ní ilé ìwòsàn UCH, ká dákẹ́ díẹ̀. Ká bi wọ́n pé, "Kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?" Wọ́n á ní, "Ohùn." Ká fa ìlà sí àárín pátákó, ká kọ ìyẹn sápá òsì. Sápá ọ̀tún, ká bi wọ́n pé: ta ló wẹ̀ ẹ́, ta ló gbé e, ta ló bẹ̀ ẹ́ wò? Apá ọ̀tún yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò. Bó bá ṣófo, ọmọ á gbà pé ọ̀lẹ ni akàndá ẹ̀dá tí kò lówó. Ká má sì sọ pé ó "borí" ẹsẹ̀ rẹ̀ o. Àga oníkẹ̀kẹ́ náà ló ṣì ń lò, orí rẹ̀ ló sì ti ń kọrin.

5. Píríọ́dù kejì, ẹ jẹ́ ká jáde sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ká wò ó bóyá àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ká fi téèpù wọn gíga àtẹ̀gùn, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 12: iye yẹn ni gígùn ibi dídagẹ̀rẹ̀ tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè yí gùn láìṣubú. Bí àtẹ̀gùn bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, 180 nìyẹn. Kí ọmọ kan fi ṣọ́ọ̀kì fà á sílẹ̀, kí àwọn tó kù dúró lé e lórí, kí wọ́n rí i bó ṣe gùn tó. Ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí ilẹ̀kùn náà máa ń jẹ nínú àyè. Ti ilé ìyàgbẹ́, ojú lásán ti tó. Kí àwọn ọmọ kọ iye wọ̀nyí sínú lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, kí wọ́n fi kún un pé òfin ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá fún àwọn ilé ìjọba lọ́dún márùn-ún láti tún irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe, ọdún márùn-ún ọ̀hún sì ti pé.

6. Lẹ́yìn náà, ká pe akàndá ẹ̀dá kan láàárín ìlú, télọ̀ tàbí ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ká lọ bá a nílé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ká sì fún un lówó ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ká ní kó wá sọ. Bó bá fẹ́ sọ ti ara rẹ̀, òun ló mọ̀. Kó gbé abẹ́rẹ́ tàbí súkúdiráfà rẹ̀ dání, ọmọdé fẹ́ràn ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn. Bí ẹnu ọ̀nà ò bá gba àga rẹ̀, a ò ní gbé e wọlé bí àpò ìrẹsì. Ẹ jẹ́ ká kó bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ jáde lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò.