Gígun Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè: Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Nínú Èdè Yorùbá àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí wo gígun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ọlọ́dà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ní kíláàsì. A tú ọ̀rọ̀-ìṣe gùn palẹ̀, a ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sì fi ìṣirò hàn ìdí tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ aláìníjíà fi ń sọ̀ kalẹ̀ tì í lórí òkè. Èrò wa ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ara mọ̀, kò yẹ kí ó di àjèjì sí i ní kíláàsì nítorí èdè.

1.0 Ìfáárà

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé a ti fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a dá padà sí ipò èdè ìkọ́ni. Ọ̀kan lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ìlànà ti yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lọ́rùn àwa olùkọ́ Yorùbá wà síbẹ̀: ǹjẹ́ èdè wa lè ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì kí ó yé ọmọ yékéyéké?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán èyí wò ní ọdún 1970. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a mú nínú iṣẹ́ yìí, èyíinì ni kẹ̀kẹ́ àti òkè. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò ṣàjèjì ní Ọ̀fà. Ilẹ̀ ìlú náà kò ní òkè àpáta bíi ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Ìkìrun, Òṣogbo àti Iléṣà dé Ìwàràjà yóò rí bí ọ̀nà ọlọ́dà ṣe ń pọ́nkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kérora. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkè Màpó ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní ọdún 1929. Kò sí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ dé irú ibẹ̀ tí kò mí hẹlẹhẹlẹ.

2.0 Gùn Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀rọ̀-ìṣe

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá ń lò fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń gòkè. A ń gun ẹṣin, a ń gun kẹ̀kẹ́, a ń gun igi, a ń gun àkàsọ̀, a sì ń gun òkè. Nítorí náà ni gbólóhùn bíi "Ó gun kẹ̀kẹ́ gun òkè" fi bá ìlànà àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe mu.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni gùn ní nígbà tó bá dá dúró. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà a di ti àárín: gun òkè. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ kì í yẹ̀: gùn ún. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára gún, bí a ti ń gún iyán.

Ohun tó so àwọn ìlò wọ̀nyí pọ̀ ni pé ẹni tó gun nǹkan ti gbé ìwúwo ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lọ sókè. Ohun tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní iṣẹ́ kò jìnnà sí èyí: ipá tí a lò láti gbé ìwúwo kan dé ibi gíga kan. Bí olùkọ́ bá ti ní gùn, pọ́nkè, sọ̀ kalẹ̀, tẹ́jú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ipá, ìwúwo àti iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ti ní ohun èlò ẹ̀kọ́ náà.

3.0 Wíwọn Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi ń wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ga sí i ní mítà 20 nígbà tí a bá lọ síwájú ní mítà 100 lórí ìtẹ́jú, ìdá 20 ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ìdá 100 ni ògiri tó dúró ṣánṣán. Ìdá 100 kò ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn dìgírì 45.

Ọ̀nà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Baldwin Street ní ìlú Dunedin, ní New Zealand, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó ìdá 34.8. Kọnkéré ni a fi ṣe apá òkè rẹ̀, nítorí ọ̀dà lè yọ́ ṣàn wálẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ní ọdún 2019, àwọn Guinness gba oyè náà, wọ́n fún Ffordd Pen Llech ní Harlech, ní ilẹ̀ Wales, pé ìdá 37.45 ni tirẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n dá a padà fún Baldwin Street, nígbà tí wọ́n fẹnu kò pé àárín ọ̀nà ni kí a ti máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe etí inú kọ́nà. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún akẹ́kọ̀ọ́: kí a tó wọn nǹkan, ó yẹ kí a ti fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí a ó ti wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Ọ̀fà ní àpẹẹrẹ òdìkejì nílé. Ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Àwọn tó ń ṣe ojú irin máa ń gé ilẹ̀ tó ga, wọ́n á sì kún ibi tó rẹlẹ̀, nítorí irin lórí irin a máa yọ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdá 3 péré ti le jù fún ọkọ̀ ojú irin tó ru ẹrù wúwo. Táyà kẹ̀kẹ́ di ọ̀dà mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

4.0 Ìdí tí A Fi Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Ti Kẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan tó wọn kìlógíráàmù 65, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọn 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní jíà. Irin eléyín tó wà níbi pẹ́dà ní eyín 45, ti ẹ̀yìn ní 18. Bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn yóò yí lẹ́ẹ̀méjì àbọ̀. Bí àyíká táyà bá jẹ́ mítà 2.2, kẹ̀kẹ́ yóò rin mítà 5.5. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdá 20, ìyípo kan yìí yóò gbé e sókè ní bíi mítà 1.1. Bí apá pẹ́dà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rin bíi mítà 1.07 nínú ìyípo kan.

80 × 1.1 ÷ 1.07 = 82.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yóò máa fi ipá tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo kìlógíráàmù 82 tẹ pẹ́dà láìdáwọ́ dúró. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ̀n ju 65 lọ. Bí ó tilẹ̀ dìde dúró lórí pẹ́dà, ìwúwo rẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́ tó. Bí ó bá di àpò ànàmọ́ kìlógíráàmù 40 mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ipá náà yóò di 123. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdá 5, láìsí ẹrù, kò ju bíi 21 lọ. Àgbẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ ti yanjú ìṣirò náà kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sí pátákó.

5.0 Ọgbọ́n Orí Òkè

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni jíà. Bí eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn bá dọ́gba, ìyípo kan yóò gbé àgbẹ̀ wa sókè ní mítà 0.44 péré, ipá tí yóò fi tẹ pẹ́dà yóò sì wálẹ̀ sí 33. Yóò yí pẹ́dà lọ́nà méjì àbọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà kò dín rárá, a kàn pín in sí wẹ́wẹ́ ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọgbọ́n kejì ni sùúrù. Láti gbé kìlógíráàmù 80 ga ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, a nílò agbára wọ́ọ̀tì 261. Bí a bá fi ìṣẹ́jú méjì ṣe é, ó di 131. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó bá lọ́ra jù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, yóò sì ṣubú.

Ọgbọ́n kẹta ni ìjókòó. Agunkẹ̀kẹ́ a tẹ̀ síwájú kí táyà iwájú má baà gbéra nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ jù, táyà ẹ̀yìn yóò yọ̀, pàápàá bí òjò bá ti rin ọ̀dà.

Ọgbọ́n kẹrin ni wíwọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Bí a bá fi mítà 200 gun ohun tí à bá fi 100 gùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdá 20 yóò di 10. Èyí léwu púpọ̀ níbi tí ọkọ̀ bá ti ń kọjá.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òkè ni Kigali, òkúta ni wọ́n sì tò sí ojú àwọn kan lára ọ̀nà rẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nínú ìdíje àwọn ọkùnrin, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 267.5, Tadej Pogačar ti ilẹ̀ Slovenia ló borí, 30 péré nínú wọn ló sì parí eré náà.

6.0 Ìlò Rẹ̀ ní Kíláàsì

Kí olùkọ́ wá ọ̀pá títọ́ kan tó gùn ní mítà kan àti ìgò tó mọ́ gaara tí omi kò kún. Kí ó fi orí ọ̀pá kan lélẹ̀ níbi tó ga lára ọ̀nà, kí ó gbé orí kejì sókè títí omi inú ìgò tó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá yóò fi tẹ́jú. Iye sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín orí ọ̀pá náà àti ilẹ̀ ni ìdá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ó bá jẹ́ 12, ìdá 12 ni.

Lẹ́yìn èyí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka eyín kẹ̀kẹ́, kí wọ́n wọn àyíká táyà, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò bí a ti ṣe é lókè. Ní ìparí, kí wọ́n kọ àlàyé ojú ìwé kan ní èdè Yorùbá. Ibi tí ọkọ̀ kì í gbà ni kí a ti ṣe é, kí a sì yẹ bíréèkì méjèèjì wò kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ipá, iṣẹ́ àti jíà ṣeé fi Yorùbá kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, àti pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ àyálò tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí tí atúnkẹ̀kẹ́ ṣe ń lò lójoojúmọ́. Ìlànà ìjọba lè sọ èdè tí a ó fi kọ ìdánwò. Olùkọ́ ló ń pinnu bóyá ohun tí a kọ sínú ìdánwò náà yé ọmọ. Nítorí náà, a gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ níyànjú láti máa ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò wọn, lọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́, alágbẹ̀dẹ àti òṣìṣẹ́ ojú irin, kí wọ́n sì máa mú un wá sí kíláàsì. Gbogbo Yorùbá ló mọ Ọ̀fà mọ ìjàkadì. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ìwúwo ẹlòmíràn gbé e ṣubú ti mọ̀ nípa ipá. Orúkọ ohun tó mọ̀ ló kù kí olùkọ́ sọ fún un.