Púlọ́ọ̀gì Tó Yẹ GTI Rẹ

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti fi kún agbára Golf GTI rẹ, inú mi sì dùn sí i. Ní báyìí gbogbo ẹni tó bá rí ọ ló ń dá ọ nímọ̀ràn lórí púlọ́ọ̀gì, ẹni tó ń tà á sì ti sọ fún ọ pé èyí tó wọ́n jù ló dáa jù. Jọ̀ọ́, má tíì sanwó. Jókòó tì mí ná.

Irú irin tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì kọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ béèrè. Ooru ni kó o béèrè. Imú púlọ́ọ̀gì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 450°C sí 500°C kó tó lè jó èéfín dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn dànù. Tó bá wá gbóná kọjá nǹkan bíi 850°C, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ran epo kí àsìkò tó tó, ìyẹn ló sì ń lu písítìn. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ń pè ní tútù máa ń tètè gbé ooru kúrò nímú rẹ̀ lọ sí orí ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n ń pè ní gbígbóná máa ń pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́. Tó bá jẹ́ NGK tàbí Denso, bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Bosch. NGK 7 sún mọ́ Denso 22, 8 sún mọ́ 24, torí náà má ṣe fi nọ́ńbà iléeṣẹ́ kan ra ti òmíràn.

Ọkọ̀ tìrẹ yìí, ìran karùn-ún, lítà 2.0 onítọ́bò tó ń gbé agbára ẹṣin 200, NGK PFR7S8EG ló bá jáde. 7 tó wà láàárín yẹn ni nọ́ńbà ooru rẹ̀, ó sì ti tutù díẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí 5 tàbí 6 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò ń lò. Ohun tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kéèyàn gbé nọ́ńbà kan sókè fún nǹkan bí agbára ẹṣin 75 sí 100 tó bá fi kún un. Tó bá jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nìkan ni wọ́n yí padà fún ọ, agbára tí wọ́n fi kún un ò tó bẹ́ẹ̀. Dúró sórí 7. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbé tọ́bò ńlá sí i, 8 ló kàn, BKR8EIX sì wọ ihò kan náà: fífẹ̀ 14 mm, gígùn 19 mm, ṣípánà 16.

Wò ó, ìdí tí mi ò fi fẹ́ kó o sáré lọ sórí 8 ni pé orí pápá ìdíje kọ́ lò ń gbé. Láàárọ̀, Ìkòròdú Road lo máa wà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì á kàn máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, imú púlọ́ọ̀gì tó tutù jù ò sì ní dé 450°C yẹn rárá. Èéfín dúdú á bò ó, iná á máa gba ara èéfín yẹn lọ dípò kó fò, ọkọ̀ á wá máa ta kìjí, á máa jẹ epo, iná ẹ́ńjìnnì á tàn níwájú rẹ. Mẹkáníìkì kan á sì ní kó o ra kọ́ìlì mẹ́rin, nígbà tí nǹkan kan ò ṣe kọ́ìlì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ní mọ́tò, ó sì ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n tí agbára tí wọ́n fi kún un bá pọ̀ lóòótọ́, tí ọkàn rẹ sì ń ṣe iyèméjì, mú èyí tó tutù. Púlọ́ọ̀gì tó dọ̀tí ṣeé pààrọ̀ wẹ́rẹ́, písítìn tó lu ò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ooru, àlàfo ẹnu rẹ̀ ló kàn. Bí tọ́bò bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni iná á ṣe máa ṣòro láti fò kọjá àlàfo yẹn. BKR8EIX máa ń wá pẹ̀lú 0.8 mm, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kún agbára ọkọ̀ máa ń fún un sí 0.6 tàbí 0.7. Ẹni tó yí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ padà ni kó o bi léèrè, òun ló mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó gbé sí i. Irin tó tẹ̀ kọrọdọ sókè nìkan ni kí wọ́n rọra tẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ti ẹnu tó wà láàárín, irin tínínrín tí wọ́n ń pè ní irídíọ́mù ni, ó sì lè kán.

Irídíọ́mù ò burú o. Ó tó 2,400°C kó tó yọ́, ó sì máa ń pẹ́. Àmọ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì, tí gbogbo ayé ń pè ní kọ́pà, á ṣiṣẹ́ fún ọ tó o bá ti lè máa pààrọ̀ rẹ̀ léraléra. Má jẹ gbèsè torí irídíọ́mù.

Tó o bá lọ ra púlọ́ọ̀gì ní ọjà Ládípò, fara balẹ̀. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú náà sì pọ̀. Wo ìkọ̀wé ara rẹ̀ bóyá ó mọ́ kedere. Di wáṣà tó wà lọ́rùn rẹ̀ mú: ti ojúlówó kì í dédé yọ bọ́ sílẹ̀. Wo ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n bára mu. Ẹni tí kò bá jẹ́ kó o tú páálí rẹ̀ wò kí o tó sanwó, kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dè é, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, kó o sì dúró tì wọ́n. Kí wọ́n fi ọwọ́ yí i wọlé ná, bí ẹni ń dé ìgò, kí wọ́n tó fi ṣípánà oníwọ̀n dè é dé 25 sí 30 Nm. Má jẹ́ kí wọ́n fi gíríìsì pa á lára. Kó àwọn ti àtijọ́ jọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú ẹ́ńjìnnì. Tó bá ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ó dáa. Tó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù tàbí púlọ́ọ̀gì ti tutù jù. Tó bá funfun tó sì lé roro, má wa ọkọ̀ náà líle mọ́ títí ẹni tó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ya fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, á jẹ́ ká jọ wò ó.