Ìjìnnà, Wákàtí àti Aago: Ìrìn-àjò Òfuurufú láti Ìlọrin sí Jeddah

Ní ayé àtijọ́, àkókò ni àwọn Yorùbá sábà fi ń wọn ìjìnnà. Bí wọ́n bá wí pé ìlú kan jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí òmíràn, ó yé tọmọdé tàgbà, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú ti dé, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè máa yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìjìnnà, wákàtí ìfò, àti aago. Ọ̀nà Ìlọrin sí Jeddah, tí àwọn onírìn-àjò Hájì ń tọ̀, fi ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba.

Ìjìnnà ni gígùn ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láàrin ibi méjì. Níwọ̀n bí ayé ti rí roboto, ọ̀nà yìí kì í sábà jẹ́ ìlà tí wọ́n fi rúlà fà lórí máàpù pẹlẹbẹ. Ó máa ń tẹ̀ bí ara ayé ti tẹ̀. Láti pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin sí ti King Abdulaziz ní Jeddah, tí wọ́n ṣí ní 1981, ìjìnnà náà tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà. Bí ó bá jẹ́ ibùsọ̀ ni, yóò dín díẹ̀ ní 2,500. Ibùsọ̀ dúró fún máìlì. Atúmọ̀-èdè tí ó bá fi í pe kìlómítà ti fi ohun tí ó ju ìdajì lọ kún ọ̀nà náà.

Wákàtí ìfò ni iye àkókò tí ọkọ̀ lò láti ìgbéra títí dé ìbalẹ̀. Bí wọ́n bá fi eré pín ìjìnnà, òun ni wọn yóò rí. Bí ọkọ̀ bá ń fò ní ìwọ̀n 800 kìlómítà ní wákàtí kan, 4,000 tí wọ́n fi 800 pín jẹ́ wákàtí 5. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn lè dín in kù. Èyí tí ó kọjú sí i lè fi kún un. Ìjìnnà kò yí padà.

Aago ni ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Ayé ń yí dígírì 360 ní wákàtí 24, èyí tí í ṣe dígírì 15 ní wákàtí kan. Nítorí náà, ọ̀sán máa ń kan Jeddah, tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, kí ó tó kan Ìlọrin. Aago Sáúdí Arébíà sì fi wákàtí 2 ṣíwájú ti Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Ìlọrin ní aago 8 òwúrọ̀, tí ó sì fò fún wákàtí 5, yóò balẹ̀ nígbà tí aago Jeddah bá lu 3 ọ̀sán. Ẹni tí ó wo aago nìkan yóò wí pé wákàtí 7 ni. Bí ọkọ̀ náà bá gbéra padà ní aago 8 òwúrọ̀ ní Jeddah, aago 11 òwúrọ̀ ni yóò balẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹni yẹn yóò wí pé wákàtí 3 ni. Méjèèjì ni kò tọ̀nà: 5 ni àlọ, 5 ni àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ìdánwò. Ìkéde tí kò bá sọ aago ìlú tí ó ń tọ́ka sí lè mú kí ẹbí tí ó fẹ́ pàdé alálàájì pẹ́ dé pápákọ̀. Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ohun èlò: wákàtí ni iye àkókò, aago ni ó ń tọ́ka sí ìgbà pàtó, kò sí ẹni tí í wí pé òun sùn fún “aago mẹ́ta”. Ohun tí ó kù ni kí àwọn òǹkọ̀wé máa fi orúkọ ìlú ti aago lẹ́yìn, bí “aago Ìlọrin” tàbí “aago Jeddah”, kí wọ́n sì jẹ́ kí wákàtí dá dúró, nítorí wákàtí kan náà ni níbi gbogbo.