Àpótí Ìmọ̀: Ọmọ Ogun Tó Ya Àìná

Frederick Forbes, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, mọ àwòrán yà. Ó dé Àgbómè, olú ìlú Dàhọ̀mì, ní 1849 àti 1850, ó ya àwòrán ní ààfin Ọba Gẹ́zò. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1851. Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú rẹ̀ ni àwòrán Àìná, ọmọ Òkè-Òdàn. Ogun Dàhọ̀mì ló kó o lẹ́rú ní 1848, tó sì pa òbí rẹ̀. Gẹ́zò fi í ta Forbes lọ́rẹ. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Ìlú rẹ̀ tí ogun fọ́ kò sí nínú àwòrán náà, ojú ọmọdé kan ṣoṣo ni.