Kí Ẹ Tó Gun Òkè Gíga, Ẹ Mọ Ẹ̀jẹ̀ Yín

Ọ̀rọ̀ òkè gígùn lè ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé Agége àti Ìkẹjà, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ó kan gbogbo ilé.

Ní oṣù tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan lẹ́bàá títì Ọba Àkran wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì. Nígbà tí wọ́n kí mi tán, wọ́n ní, "Mà, ẹ bá wa wá oògùn agbára. A fẹ́ fi ìsinmi wa gun Òkè Kamẹrúùnù ní oṣù kẹfà." Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn eléré-ìje máa ń sáré láti ìlú Buea dé orí òkè náà ní oṣù kejì, tí wọn a sì sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Wọ́n rò pé ohun tí ẹlòmíràn ń sáré gùn, àwọn yóò lè rìn gùn ún. Mo ní kí wọ́n jókòó.

Òkè Kamẹrúùnù ni ó ga jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ju 4,000 mítà lọ, èyí tí ó ju 13,000 ẹsẹ̀ bàtà. Òkè Ìdánrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń mú wa mí hẹlẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Òkè oníná sì ni. Ó yọ iná ní 1999, ní 2000 àti ní 2012. Bí ó ti gbóná nínú tó, òtútù orí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjò dídì a máa bọ́ síbẹ̀ nígbà mìíràn.

Èkíní, ẹ mọ àkókò. Oṣù kẹfà tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn ará Yúróòpù, òjò ni ó ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ní Debundscha, ní ẹsẹ̀ òkè náà létí òkun, òjò ọdún kan ju 10,000 mìlímítà lọ. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti Èkó. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin lórí òkè, òtútù lè pa á. Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ó dára. Nítorí rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ẹkùn náà ní 2016, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ọ̀nà dára, kí ẹ sì gba afinimọ̀nà.

Èkejì, ẹ má sáré. Ní 4,000 mítà, ohun tí ara ń rí nínú afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kò ju bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ti Èkó lọ. Orí a máa fọ́ni, èébì a máa gbéni, oorun a sì dá. Agbára ọ̀dọ́ kò dí èyí lọ́wọ́. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ dúró, ẹ má gòkè sí i. Bí ẹnìkan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ó ń mí gúlegúle nígbà tí ó jókòó, ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Ẹ má fún un ní ọtí tàbí oògùn oorun.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Mo bi wọ́n pé, "Kí ni jẹ́nótáìpù yín?" Èkíní ní AA, èkejì ní AS. Ẹ̀kẹta dáhùn pé, "O ni tèmi, mà." Ẹ̀yin ará, O, A àti B kọ́ ni mo bèèrè! Ìyẹn wà fún ìgbà tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Nígbà tí mo wádìí sí i, ó ní eegun a máa ro òun ní ìgbà ọyẹ́, ìyá òun sì ń pè é ní làkúrègbé. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: SC ni.

Irú fòníkú-fọ̀ladìde kan ni SC. Ó lè fara sin títí ènìyàn yóò fi dàgbà. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́, èérún pupa inú ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, wọn a sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan lábẹ́ egungun ìhà òsì lè kú. Ẹni SS àti ẹni SC kò gbọdọ̀ gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Ẹni AS lè gùn ún, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ìhà òsì bá ń dùn ún.

Ọmọ náà dorí kodò. Mo ní, "Ọmọ mi, òkè kò ní kúrò níbi tí ó wà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní àrọ́pò." Nísinsìnyí ó ń lọ rí dókítà lóòrèkóòrè, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà sì ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sún ìrìn-àjò wọn sí oṣù kejìlá.

Ẹ̀yin òbí, bí eegun bá ń ro ọmọ yín léraléra, ẹ má kàn fi àgbo rọ ọ́ lójú. Ẹ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó dìgbà kan ná.