Ẹ̀KỌ́: JÍJÁWỌ́ NÍNÚ SÌGÁ MÍMU

Ẹ̀yin ará wa, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdù, òfin ọdún 2015 kò gbà kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ọkọ̀ èrò. Òfin kan náà ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, bí àwọn alátẹ kò tilẹ̀ fetí sí i. Ẹyọ kan yìí gan-an ló sì ń dá ẹni tí ó ti jáwọ́ padà sídìí rẹ̀.

Bí ó bá ṣòro fún ẹni tí ó ti ń fà á láti ogún ọdún, kì í ṣe ọ̀lẹ. Nikotíìnì inú tábà ti mú ọpọlọ rẹ̀ lẹ́rú. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù: orí á máa fọ́ni, oorun á dá lójú, inú á máa bíni láìnídìí. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú, kí wọ́n má bàa rò pé bàbá ti ya òǹrorò! Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ó máa ń rọlẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1, ewu àrùn ọkàn tí sìgá dá sílẹ̀ á ti dín kù tó ìdajì. Bí ìfẹ́ rẹ̀ bá tún dé, ẹ mu omi, ẹ rìn díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi kọjá. Oògùn tí ń ranni lọ́wọ́ sì wà lọ́dọ̀ dókítà.